Àìmọ́ fọ́tò pé oríṣi: ohun tí mo rí kọ́ nídìí kámẹ́rà àti èdítì

Oníbàárà á wo fọ́tò, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò klía o." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ohun tó ṣe fọ́tò náà kò tíì hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú kí àwòrán ṣe bàìbàì, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Iṣẹ́ òde ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí, ọdún ìbílẹ̀, láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ bí a ti ń ka fọ́tò tó bàjẹ́ ló ń rí èyí tó dáa yà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á kàn máa ra lẹ́ǹsì lórí lẹ́ǹsì.

Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń kà á. Màá fẹ̀ ẹ́ dé 100%, níbi tí píkísẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) nínú fọ́tò ti gba píkísẹ́ẹ̀lì kan lójú kọ̀ǹpútà. Ojú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ò ṣeé gbọ́kàn lé, gbogbo nǹkan ló ń dán lórí rẹ̀. Bí gbogbo inú fọ́tò, àga, ògiri, èèyàn, bá fà sí ìhà kan náà, ọwọ́ ayàwòrán ló mì. Bí ògiri bá mọ́, tí àga mọ́, àmọ́ tí ọwọ́ oníjó kò níka mọ́, oníjó ló yára ju ṣọ́tà lọ, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń pa dé nínú kámẹ́rà. Bí ohunkóhun ò bá fà, ṣùgbọ́n tí etí gèlè mọ́ fínnífínní tí ojú ìyàwó sì ṣe bàìbàì, fókọ́ọ̀sì, ibi tí lẹ́ǹsì tẹjú mọ́, ló lọ síbi tí a ò rán an. Bí dúdú inú fọ́tò ò bá dúdú tó, tí etí gbogbo nǹkan sì rọ̀, ojú lẹ́ǹsì ló dọ̀tí, tàbí kó jẹ́ ooru ọ̀sán ló wà láàárín èmi àti ẹni tí mò ń yà.

Ọwọ́ tó ń mì ló rọrùn jù láti wò sàn. Òfin kan wà láti ayé fíìmù: ìyára ṣọ́tà ò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdá kan lára gígùn lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 50mm, ó kéré tán 1/50, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́ǹsì 200mm, 1/200. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kéré, irú Nikon D7200 tí mò ń lò, ń mú kí 200mm ríran bíi 300mm, nítorí náà 1/320 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kámẹ́rà tí píkísẹ́ẹ̀lì wọn pọ̀ tiẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìmì díẹ̀ tí fíìmù máa gbójú fò ni wọ́n ń tú fó.

Lẹ́ǹsì tó ní VR lára Nikon, IS lára Canon, tàbí OSS lára Sony ń bá wa dá ọwọ́ dúró. Ó wúlò gan-an. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni pé ọwọ́ ayàwòrán nìkan ló mọ̀, kò mọ ijó. Ọmọ iṣẹ́ kan bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ ní VR á jẹ́ kí n lè ya 1/30, kí ló dé tí alága ìdúró ò wá lójú?" Mo ní kó wo ògiri ẹ̀yìn alága. Ògiri mọ́ kedere, orúkọ ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣeé kà. VR ti ṣe tirẹ̀. Alága ló ń ká gbogbo gbọ̀ngàn kiri pẹ̀lú máìkì.

Fún èèyàn tó dúró jẹ́ẹ́ kí a yà á, 1/160 tó. Ọkọ àti ìyàwó tó ń jó wọlé, 1/320. Oníjó bàtá, 1/640 sókè, torí èjìká rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó ń náwó fún olórin ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ yára ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí mo bá fẹ́ kí àwọ̀ àti nọ́ńbà ara náírà hàn, 1/500. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà léèwọ̀ o, oníbàárà mìíràn á tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí owó náà ṣe bàìbàì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣọ́tà ti yé mi délẹ̀délẹ̀ ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, á ti jó kọjá nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun á wá gẹṣin wọlé. Ẹṣin náà kì í kàn rìn lásán: ẹni tó gùn ún á fa ìjánu, ẹṣin á jó, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ìbọn á dún, eruku á sọ. Ní 1/500, ara ẹṣin á mọ́, ojú ẹni tó gùn ún náà á mọ́, ṣùgbọ́n pátákò iwájú á fà, ṣaworo ọrùn ẹṣin á sì di ìlà. Ní 1/1250, mò ń rí ṣaworo lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń rí erùpẹ̀ tó ń já bọ́ lára pátákò. Bí oòrùn bá mú, ISO 200 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó) àti f/5.6 (f ni bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá) ti tó fún un. Bí òjò bá ṣú, màá gbé ISO lọ sí 800 láìjanpata. Mo máa ń yọ mẹ́ta mẹ́rin tẹ̀léra. Ti àárín ló sábà máa ń mọ́ jù, torí ìgbà tí ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì ni kámẹ́rà máa ń mì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà kankan ò lè tún ṣe. Lọ́sàn-án gangan, bí mo bá dúró jìnnà tí mo fi 200mm fa ẹṣin mọ́ra, ooru tó ń jáde látinú ọ̀dà títì á máa gbọn afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa. Fọ́tò á rọ̀, kò sì sí ohun tí 1/4000 lè ṣe sí i. Ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀: kí n sún mọ́ ọn, tàbí kí n ti ya àwọn tó jìnnà láàárọ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná.

Nínú gbọ̀ngàn, kí ṣọ́tà tó lè yára, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibìkan wá, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ISO ti ń wọlé. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í fẹ́ kọjá ISO 800, ìdí sì wà fún un lára àwọn kámẹ́rà ìgbà tiwọn. Èmi ń fi 3200 ṣiṣẹ́ láìwẹ̀yìn, bó bá di dandan 6400. Nọ́ìsì, àwọn èérún wínníwínní tó máa ń bo àwòrán, ṣeé fọ̀ nídìí èdítì. Ojú tó ti fà ò ṣeé dá padà. Mo ti to ISO aládàáṣe sára kámẹ́rà mi báyìí: ṣọ́tà ò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/250, ISO ò gbọdọ̀ ju 6400. Kámẹ́rà á máa ṣe ìyókù, èmi á máa wo ojú èèyàn.

Èyí tó burú ju ISO gíga lọ ni fọ́tò tó ṣókùnkùn. Aṣọ funfun ló ń fà á jù. Bí léèsì funfun tàbí agbádá funfun bá gba gbogbo ojú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, àwọ̀ dúdú ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí a bá wá gbé ojú náà sókè nínú èdítì, nọ́ìsì á tú jáde lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lọ́rùn, á burú ju ti ISO 3200 tí a yà dáadáa lọ, ìrísí awọ ara á sì parẹ́. Nítorí náà, níbi aṣọ funfun, mo máa ń fi +0.7 kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà yàn, nígbà mìíràn +1, màá sì máa ṣọ́ léèsì kó má funfun kọjá ibi tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ti ń hàn.

Fíláàṣì ni alábàáṣiṣẹ́ ṣọ́tà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, òun ló ń dá oníjó dúró nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn. Mo máa ń kọjú rẹ̀ sí àjà, kí ìmọ́lẹ̀ padà bọ́ sójú èèyàn wẹ́rẹ́. Lábẹ́ kánópì aláwọ̀ ewé, gbogbo ojú ló máa di aláwọ̀ ewé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí funfun kékeré ni mo ń dè mọ́ ẹ̀yìn fíláàṣì níbẹ̀ kó lè darí síwájú. Bí ṣọ́tà bá lọ sílẹ̀ dé 1/30 pẹ̀lú fíláàṣì, èèyàn á mọ́ ṣùgbọ́n òjìji á máa fà tẹ̀lé e. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ fún ijó alẹ́. Èmi kì í lò ó àfi bí wọ́n bá bẹ̀ mí. Iná LED olówó pọ́ọ́kú tún wà tó ń ṣẹ́jú tẹ̀lé iná 50Hz wa: bí ìlà dúdú bá ń gba inú fọ́tò kọjá, mo máa ń dá ṣọ́tà padà sí 1/100.

Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni ọ̀pọ̀ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, torí pé kò wọ́n, ó sì ń pa ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn rẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lára kámẹ́rà bíi tèmi, bí mo bá dúró ní mítà kan àbọ̀ sí èèyàn tí mo sì ṣí i dé f/1.8, ibi tó máa mọ́ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láti ṣóńṣó imú àgbàlagbà dé etí rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí ìyàwó bá yíjú díẹ̀, ẹyinjú kan á mọ́, èkejì á ṣe bàìbàì. Nítorí náà ni mo fi ń ya ẹnì kan ṣoṣo ní f/2.8, ọkọ àti ìyàwó ní f/4, mọ̀lẹ́bí onílà mẹ́ta ní f/8 tí fókọ́ọ̀sì wà lára ẹni àárín ìlà kejì. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ló sì ń mọ́ jù láàárín f/4 sí f/8. Ẹni tó bá rò pé f/22 ló máa dáa jù á rí òdì-kejì: ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń tàn ká, gbogbo fọ́tò á wá rọ̀. Lára D7200, mo ti ń fojú rí i láti f/11.

Fókọ́ọ̀sì ló ń ba fọ́tò jẹ́ jù níbi òde wa, aṣọ wa ló sì ń fà á. Bí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ mú ibi tó wù ú, ohun tó sún mọ́ ọn jù tó sì ní ìlà àti àwọ̀ tó yàtọ̀ síra ló máa lọ bá. Gèlè tí wọ́n ká ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, abẹ̀bẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, etí fìlà abetí-ajá, ọwọ́ tó na owó: ìwọ̀nyí ni kámẹ́rà ń fẹ́, ojú èèyàn ò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Mo ti ya ọba tó dé adé onílẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ iwájú adé mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú Kábíyèsí wà lẹ́yìn rẹ̀ bàìbàì. Ti adé, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí láti bo ojú ọba ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Ìyàwó tó gbé abẹ̀bẹ̀ dání ò ní gbà bẹ́ẹ̀ o, ojú rẹ̀ ló sanwó fún.

Àmì fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mò ń lò, mo sì ń gbé e lọ sórí ẹyinjú tó sún mọ́ mi jù. Àwọn kan máa ń fi àmì àárín mú ojú, wọn á wá yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yà á. Ní f/8 kò sí wàhálà, ní f/1.8 yíyí yẹn nìkan ti tó láti gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lójú lọ sí etí. Fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, AF-S, tó ń mú fókọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan tó sì ń tì í síbẹ̀, tí Canon ń pè ní One Shot. Fún ẹni tó ń bọ̀, AF-C, tó ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń rìn, tí Canon ń pè ní AI Servo. Mo sì ti gbé iṣẹ́ fókọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ bọ́tìnnì ìyàwòrán lọ sí bọ́tìnnì AE-L/AF-L tó wà lẹ́yìn, kí àtàǹpàkò máa mú fókọ́ọ̀sì, kí ìka kejì máa ya. Ó kọ́kọ́ máa ń da ọwọ́ rú, àmọ́ lẹ́yìn òde mélòó kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Àwọn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú mọ́, irú Sony a7 III tàbí Canon R6, ń wá ẹyinjú fúnra wọn, wọ́n sì ń rí i kódà lábẹ́ gèlè ńlá. Mi ò ní parọ́, mo ń jowú àwọn tó ní in.

Bí fókọ́ọ̀sì bá ń bọ́ sẹ́yìn tàbí síwájú ní gbogbo ìgbà, kódà lára ohun tí kò mì, lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ni ò gbọ́ra yé. Màá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, màá gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó máa wò ó ní ìdagun, màá fi fókọ́ọ̀sì mú ìlà ọ̀rọ̀ kan, màá wá wo ìlà tó mọ́ jù nínú fọ́tò. D7200 ní AF fine-tune tí a fi ń tún un ṣe. Àwọn kékeré bíi D3400 ò ní in.

Nípa ìdọ̀tí, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ má fi etí agbádá nu lẹ́ǹsì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ti bà lé e. Bí ẹ bá ti inú yàrá amúlétutù bọ́ sínú ooru, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo ojú lẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kó fi bá ooru ìta mu. Ẹni tó ń fi fóònù yà, Tecno ni o, iPhone ni o, kó kọ́kọ́ nu òróró ìka kúrò lójú kámẹ́rà ẹ̀yìn, kó tẹ ojú èèyàn mọ́lẹ̀ lójú fóònù títí fókọ́ọ̀sì á fi tì síbẹ̀, kó sì fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ohun tó ń yà dípò kó fi ìka méjì fà á.

Ó wá ku èdítì, níbi tí àwọn èèyàn rò pé gbogbo idán wà. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni mò ń yà. JPEG tó jáde látinú kámẹ́rà, wọ́n ti pọ́n ọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. RAW kò tíì rí ìpọ́n kankan, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ lójú ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe èdítì, á pọ́n ọn díẹ̀ fúnra rẹ̀: Amount 40, Radius 1.0, Detail 25, Masking 0. Pípọ́n yìí kò ní àdììtú kankan. Ó ń wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, á mú kí dúdú túbọ̀ dúdú, kí funfun túbọ̀ funfun. Amount ni bó ṣe le tó, Radius ni bí etí náà ṣe fẹ̀ tó, Detail ni bó ṣe ń mú àwọn nǹkan wínníwínní tó. Bí a bá ki Amount bọ̀ ọ́ jù, ìlà funfun tóóró á yọ yí gèlè ká níbi tó ti pàdé sánmọ̀. Ẹni tó bá ti rí ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

Masking ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀, tàbí Option bó bá jẹ́ Mac, bí ẹ ṣe ń fà á: fọ́tò á di dúdú àti funfun. Ibi tó funfun ni ìpọ́n máa dé, ibi tó dúdú ló máa fò. Ní 0, gbogbo rẹ̀ ló funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ògiri, nọ́ìsì náà á sì gba ìpọ́n tirẹ̀. Bí mo ṣe ń fà á lọ, ògiri á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí á fi ku ìpéǹpéjú, ètè, ìdí irun àti etí gèlè nìkan. Fún ojú èèyàn, láàárín 70 sí 85 ni mo sábà ń dúró, tí Amount wà ní 55 tàbí 60. Fún Òkúta Olúmọ, tàbí òrùlé páànù Ìbàdàn láti òkè Màpó, níbi tí gbogbo nǹkan jẹ́ etí, Masking mi kì í ju 15 lọ, Detail á sì gòkè dé 45.

Kí n tó pọ́n, mo ti fọ nọ́ìsì. Denoise tí Adobe fi kún Lightroom ní 2023 ń ṣe é dáadáa, bí kọ̀ǹpútà bá lágbára. Tèmi máa ń lọ́ra débi pé mo lè jẹun tán kó tó ṣe díẹ̀, nítorí náà fọ́tò tó bá máa wọ álúbọ́ọ̀mù nìkan ni mò ń fún un.

Bí mo bá fẹ́ rán ara mi létí bó ti yẹ kí irun mọ́ tó, iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere ni mo máa ń wò, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Dúdú àti funfun ni, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, gbogbo ojú ìyà irun ló hàn, òwú tí wọ́n fi kó o hàn yípo yípo. Kò sí Lightroom nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń gbé ojú irun jáde, èdítì kàn ń tẹ̀lé e ni.

Mímọ́ tún ní ibi tó yẹ kó dé. Mo ya Màmá kan níbi ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, 85mm, f/4. Mo gbé e hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun o. Àmọ́ ṣé gbogbo ìlà ojú mi lo fẹ́ kí ayé kà ni?" Ọmọbìnrin rẹ̀ dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi áàpù yẹn nù ún, kí ojú wọn dán." Mo fi áàpù nù ún níṣojú wọn. Awọ dán, ìlà iwájú orí lọ, pélé mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá náà bá a lọ. Áàpù ti kà á mọ́ àbàwọ́n. Màmá ní, "Háà! Ta nìyí? Dá pélé mi padà o. Bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́."

Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ṣe é nígbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń ṣe ojú gbogbo àgbà tó kọlà. Búrọ́ọ̀ṣì kan sórí iwájú orí àti abẹ́ ojú, Texture (ìrísí ojú awọ) -15, mi ò ní jẹ́ kó kan ilà. Búrọ́ọ̀ṣì kejì sórí ilà àti ẹyinjú, Texture +15, Sharpness +20. Clarity ni mo ń yẹra fún lójú àgbà, torí ó ń mú kí òjìji inú ìlà kọ̀ọ̀kan ṣókùnkùn sí i. Lára aṣọ-òkè, +10 rẹ̀ kì í burú.

Aṣọ náà ní wàhálà tirẹ̀. D7200 kò ní asẹ́ tí àwọn kámẹ́rà mìíràn fi ń rọ fọ́tò díẹ̀ kó tó dé sẹ́ńsọ̀, ara ohun tó jẹ́ kó máa mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òwú aṣọ bá wà létòlétò tó sì sún mọ́ra gan-an, àwọ̀ òṣùmàrè tí kò sí lára aṣọ á máa ṣàn lórí rẹ̀, pípọ́n á sì mú un burú sí i. Bí mo bá tètè rí i, ìṣísẹ̀ kan síwájú tàbí sẹ́yìn sábà máa ń lé e lọ. Bó bá ti wọlé, búrọ́ọ̀ṣì Moiré nínú Lightroom ni.

Ìpọ́n tó kẹ́yìn dá lórí ibi tí fọ́tò ń lọ. Èyí tó ń lọ sí Instagram, mo máa ń dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí 1080 píkísẹ́ẹ̀lì fúnra mi, pẹ̀lú ìpọ́n ojú skrínì, kí n má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wọn. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ títí á fi rọ̀. Gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni mo fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà. Fún títẹ̀, 8×10 íǹṣì ní 300 dpi (píkísẹ́ẹ̀lì 300 nínú íǹṣì kan) ń fẹ́ 2400×3000 píkísẹ́ẹ̀lì. Bébà tí kò dán máa ń mu yíǹkì, nítorí náà ó ń fẹ́ ìpọ́n ju bébà tó ń dán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á dà bí ẹni pé ó ti pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà.

Àwọn áàpù AI tó ń sọ pé àwọn á mú fọ́tò bàìbàì mọ́ ti pọ̀ nílùú. Bí fókọ́ọ̀sì bá yẹ̀ díẹ̀, mo máa ń lò ó lára aṣọ. Lójú èèyàn, níbi tí fọ́tò ò bá ti ní ohun tó tó, ńṣe ló ń méfò. Á fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn ní eyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi ìsìnkú ló ti ń le jù. Àwọn ọmọ olóòkú á mú fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lára férémù ògiri wá, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti tàn sára dígí rẹ̀, wọn á ní kí n sọ ọ́ di bánà ńlá ẹnu ọ̀nà. AI á ṣe é, á mọ́ kedere, àbúrò olóògbé á wá wò ó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí." Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé férémù náà dà. Kí wọ́n gbé e wá, kí n yọ fọ́tò kúrò lábẹ́ dígí, kí n fi sikánà kà á ní 600 dpi. Fọ́tò 5×7 á fún mi ní 3000×4200 píkísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn tó fún ìwé ètò ìsìnkú, ó tó fún férémù 10×14 ní 300 dpi. Ní ti bánà, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ gba àyè tó pọ̀ jù, kí fífẹ̀ fọ́tò má ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ.